Ìwé Ajá Tí Adéníran Dì Fúnra Rẹ̀

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Adéníran Ṣówùnmí ti ń di ìwé ní Ṣómólú. Ìwé àdúrà, ìwé orin ìjọ, ìwé àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akoka tí wọ́n máa ń ní kó fi lẹ́tà wúrà tẹ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo wọn ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá gbé ìwé tó ti já wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, á gbé e sún mọ́ imú, á fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀, á sì sọ irú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ àti ìdí tí kò fi pẹ́. Kì í ṣì í sọ. Ohun tí kò lè ṣe ni pé kó ka ohun tó wà nínú ìwé náà.

Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Bó bá jókòó ti Bíbélì, tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á ka ẹsẹ kan dé òpin. Gẹ̀ẹ́sì lórí pépà ni kò mọ̀ rárá. Ó ń gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn, ó sì ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún oníbàárà, àmọ́ bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Kíláàsì kẹrin ló wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó láti kọ́ṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ ilé ìwé fún un mọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀, ìyẹn Dọlápọ̀ ìyàwó rẹ̀. Bí lẹ́tà bá dé, tàbí tí ilé ìwé ọmọ wọn bá fi ìwé ránṣẹ́, Dọlápọ̀ á ti ilẹ̀kùn yàrá, á kà á fún un ní Yorùbá, Adéníran á wá jáde síta, á sì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tó fojú ara rẹ̀ kà á. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Dọlápọ̀ kú. Láti ìgbà náà, ohun tí Adéníran máa ń sọ bí wọ́n bá gbé ìwé lé e lọ́wọ́ ni pé, "Mi ò mú awò ojú mi dání." Ó ra awò kan ní tòótọ́, kí ọ̀rọ̀ náà lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, á ṣí ìwé ìròyìn sílẹ̀ níwájú ilé tí wọ́n ń gbé ní Ladi-Lak, á máa yí ojú ewé rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn ará ilé a máa pè é ní ọ̀mọ̀wé. Moyọ̀sọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ń kàwé ní yunifásítì ní Akoka, tó sì ń wálé lọ́sẹ̀ méjìméjì, gbà pé bàbá òun ló ran òun tí òun fi fẹ́ràn ìwé.

Olè ló fà á tí ajá fi wọ ilé náà. Wọ́n wọlé lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, wọ́n sì gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Adéníran ní ọ̀rẹ́ kan fẹ́ fún òun lájá, ajá pupa kan tó funfun láyà, tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Àwọn ará ilé ń kùn. Rọ̀kíbátù tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tirẹ̀ ló bá a dá sí i. Opó ni, aránṣọ ni, Ìyá Fuad ni gbogbo ilé ń pè é. Mùsùlùmí òdodo ni, gbogbo wọn sì rò pé òun ló máa kọ́kọ́ kọ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó mú un wá. Olè tó kó jẹnẹrétọ̀ lọ kò béèrè ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà má jẹ́ kí itọ́ ẹ̀ kan aṣọ oníbàárà mi."

Bí ajá náà ṣe dé nìyẹn, Adéníran sì sọ ọ́ ní Sájẹ́ǹtì.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, iṣẹ́ kan wà lórí mẹ́síìnì Wàhábì, ẹni tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Adéníran. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì nípa bí èèyàn ṣe lè fúnra rẹ̀ kọ́ ajá nílé ni. Ibòmíràn ni wọ́n ti fẹ́ dì í, àmọ́ àwọn pépà kan wà nílẹ̀ tí Wàhábì kọ́kọ́ fi dán mẹ́síìnì wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Adéníran rí àwòrán ajá lára wọn. Ó bẹ Wàhábì pé kó fún òun.

Ó fi ara balẹ̀ ṣe ìwé náà. Ó ká a, ó fi òwú rán an, ó gé etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ó fi jọ̀lọ̀, ó fi páálí líle àti aṣọ àwọ̀ ewé bò ó, ó sì fi lẹ́tà wúrà tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú. Kò tíì di ìwé fún ara rẹ̀ rí. Gbogbo ìwé tó ti ń dì láti ìgbà ọmọdé, ẹlòmíràn ló ni ín. Nígbà tó gbé e délé, ó gbé e sórí tábìlì níbi tí ẹni tó bá ń kọjá lójú fèrèsé á ti rí i.

Àwọn àwòrán inú rẹ̀ hàn kedere. Ọkùnrin kan tó gba abọ́ lẹ́nu ajá tó ń jẹun lọ́wọ́. Ọkùnrin náà tó dá ajá dùbúlẹ̀, tó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà tó ká ìwé ìròyìn, tó gbé e sókè lórí ajá. Adéníran wo gbogbo rẹ̀ dáadáa, ó sì rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé ohun tí ìwé yìí ń sọ ni pé kí ajá mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Ó bọ́gbọ́n mu lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ òun alára níṣẹ́.

Láràárọ̀, bí Sájẹ́ǹtì bá ti kó ẹnu bọ oúnjẹ, Adéníran á fa abọ́ yọ, á gbé e sókè, á ka ẹní dé ogún kó tó dá a padà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ajá náà kàn ń wò ó, ó ń ju ìrù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun wàìwàì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tó ṣe, bó bá gbúròó ẹsẹ̀, á dúró gbagidi lórí abọ́, á máa kùn nínú ọ̀fun. Adéníran á dá a dùbúlẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn bí wọ́n ṣe yà á sínú ìwé. Lẹ́yìn bíi oṣù kan, ajá náà kò kùn mọ́. Adéníran ní ó ti gbọ́ ẹ̀kọ́.

Ó sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Bámilóyè, oníṣẹ́ iná kan tó ń gbé ní Pedro, wá bá a nítorí ajá tirẹ̀ tó ń jẹ bàtà. Adéníran gbé ìwé náà jáde níṣojú Ìyá Fuad àti àwọn méjì míràn, ó gbé awò sójú, ó ṣí ibi tí àwòrán abọ́ wà, ó sì ń fi ìka tọ ìlà lọ.

Ó ní, "Wọ́n ní kó o gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ní bí o ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò ní kà ọ́ sí. Ó wà níbí."

Bámilóyè mi orí pé òun gbọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an ni, sà. Èmi ò ráyè kàwé."

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn ọmọ ilé ìwé wọlé, iṣẹ́ yúnífọ́ọ̀mù sì ti kún ọwọ́ Ìyá Fuad. Ó fọ àwọn aṣọ tó ti gé, ó sá wọn sórí okùn lẹ́yìn ilé. Atẹ́gùn gbé apá aṣọ kan, ó já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ Sájẹ́ǹtì. Ìyá Fuad bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Ajá náà kò gbó, kò kùn. Ó kàn fò mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni, ó sì ki eyín bọ ààrin àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e.

Adéníran wà níwájú ilé pẹ̀lú ìwé ìròyìn rẹ̀ nígbà tó gbọ́ igbe. Nígbà tó fi sáré débẹ̀, ajá ti fi í sílẹ̀, ó ti padà sórí abọ́, ó ń gbọ̀n. Ìyá Fuad di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí aṣọ ilé ìwé náà.

Ó ní, "Omi. Omi àti ọṣẹ, Bàbá Moyọ̀. Ẹ yára."

Òun fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sábẹ́ omi ẹ̀rọ, tó ń fọ̀ ọ́, tó ń fọ̀ ọ́, Adéníran kàn ń da omi ọṣẹ sí i. Wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Adéníran rántí mú káàdì tí wọ́n fún un nígbà tí ajá náà gba abẹ́rẹ́. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ pé òun rántí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, ó ń fọ ojú ọgbẹ́, kò sì lè fi ọwọ́ kan nǹkan míràn.

Ó béèrè pé, "Ṣé ajá yẹn ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi?"

"Ó ti gbà á. Káàdì ẹ̀ rèé."

"Ẹ bá mi ka orúkọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún un, bàbá. Ẹ tún ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀."

Adéníran gbé káàdì náà sún mọ́ ojú. Ó tún gbé e jìnnà. Ó fọwọ́ wá àpò ẹ̀wù rẹ̀.

Ó ní, "Mi ò mú awò ojú mi dání."

Nọ́ọ̀sì gbé ojú sókè. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ni. Ó ní, "Bàbá, ó wà lórí yín."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ti gbé e sókè sórí nígbà tó ń sáré kúrò nídìí ìwé ìròyìn. Ó fà á wálẹ̀ sójú, ó sì dojú kọ káàdì náà. Ó rí nọ́ńbà, ó rí ọjọ́, ó rí ìlà mẹ́ta tí wọ́n fi bírò kọ. Àwọn èèyàn mẹ́rin jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń dúró.

Ìyá Fuad na ọwọ́ òsì rẹ̀, ó rọra gba káàdì náà, ó sì kà á geere, pẹ̀lú ohùn tí ìrora wà nínú rẹ̀. Ó ka orúkọ abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ó ka èyí tó wà nísàlẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ láì wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Wọ́n ní kí wọ́n mú ajá yìí padà wá lẹ́yìn oṣù kan fún abẹ́rẹ́ kejì."

Nọ́ọ̀sì ní, "Ṣé wọ́n mú un padà?"

Adéníran mi orí pé rárá. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí káàdì náà ti wà nínú àpótí rẹ̀.

Wọ́n ní Ìyá Fuad máa gba gbogbo abẹ́rẹ́ tó yẹ, kí wọ́n sì so ajá náà mọ́lẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wọn padà, Adéníran bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Ìyá Fuad ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ ná, Bàbá Moyọ̀. Ọwọ́ ń dùn mí."

Moyọ̀sọ́lá wálé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó lọ kí Ìyá Fuad, ó padà wọlé, ó sì béèrè ohun tí bàbá rẹ̀ fi ń kọ́ ajá. Adéníran nawọ́ sí ìwé tó wà lórí tábìlì. Ọmọ náà jókòó, ó ṣí i, ó kà á fún ìgbà díẹ̀. Ó padà sí ojú ewé tó ti kà. Ó tún kà á.

Ó ní, "Dádì, èwo gan-an lẹ ṣe nínú ìwé yìí?"

Adéníran fi àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn án.

"Ohun tí wọ́n kọ sókè rèé. Wọ́n ní, 'Àwọn àṣìṣe tí àwọn alájàá máa ń ṣe nílé.' Ẹ wo abẹ́ eléyìí. Wọ́n ní kí èèyàn má ṣe é láéláé, wọ́n ní bí ajá ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í bu èèyàn jẹ nìyẹn. Ojú ewé mẹ́rin ni wọ́n fi ṣàlàyé ẹ̀." Ó gbé ojú sókè wò ó. Kò bínú rárá, kò kàn yé e ni. "Ṣé ẹ ò kà á ni?"

Adéníran lè sọ pé òun kò rí i. Ó lè sọ pé òun kánjú. Irọ́ méjì ló wá sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì mọ̀ pé ọmọ náà máa gba èyíkéyìí tí òun bá yàn gbọ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Fuad ṣì wà létí èékánná rẹ̀.

Ó ní, "Mi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì kà."

Moyọ̀sọ́lá pa ìwé náà dé. Ó rò pé òun ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Adéníran tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì kéré sí i.

"Káàdì ìdánwò mi ńkọ́? Gbogbo ohun tí àwọn tíṣà máa ń kọ síbẹ̀?"

"Màámi ẹ ló ń kà á fún mi."

"Lẹ́yìn tí Mọ́mì kú ńkọ́? Lẹ́tà tí mo kọ sí yín?"

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin Dọlápọ̀ ni Moyọ̀sọ́lá kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ojú ewé mẹ́ta kan, ó sì fi í sábẹ́ ìrọ̀rí bàbá rẹ̀, nítorí pé ohun tó fẹ́ sọ wúwo jù fún un láti fi ẹnu sọ. Lọ́jọ́ kejì bàbá rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ní, "Mo ti kà á. O ṣeun, ọmọ mi." Adéníran dìde báyìí, ó lọ mú lẹ́tà náà wá láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó ti fi pépà tó dára wé e, ó sì fi òwú tí wọ́n fi ń rán ìwé dì í. Kò mọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀.

Ọmọ náà mú lẹ́tà náà dání fún ìgbà pípẹ́. Omi lé sí i lójú àmọ́ kò sunkún. Ó ní, "Màá kà á fún yín lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe òní." Ó wọ yàrá lọ, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Adéníran jókòó síbi tó wà.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ó mú ìwé náà lọ bá Wàhábì. Wàhábì wá ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ dáadáa jáde, ó sì tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lórí èyí tí Wàhábì mú jáde, wọ́n fi íǹkì pupa fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn kọjá lórí gbogbo àwòrán náà, láti etí dé etí.

Wàhábì ní, "Dúdú ló kọ́kọ́ ń wọlé, pupa á wá tẹ̀ lé e. Èyí tí mo fún yín, pupa ò tíì dé ara ẹ̀." Ó wò ó tìyanutìyanu. "Àmọ́ ọ̀rọ̀ wà lábẹ́ àwòrán o, bọ̀ọ̀dá. Mo rò pé ẹ máa kà á ni."

Adéníran ní awò ojú òun ló ń yọ òun lẹ́nu. Ó ti sọ ọ́ tán kó tó mọ̀ pé òun tún ti purọ́.

Fuad, ọmọ Ìyá Fuad tó ń gbé ní Ìkòròdú, wálé lọ́jọ́ kejì, ó sì pe gbogbo ilé jọ. Ó ní kí ajá náà kúrò lọ́jọ́ náà gan-an. Adéníran dọ̀bálẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí. Ìyá Fuad ló ní kí wọ́n jẹ́ kí ọjọ́ mẹ́wàá tí ilé ìwòsàn dá pé ná. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ajá náà bá máa dúró, inú àgọ́ onírin ni kó ti máa jẹun, kí wọ́n sì fi àwọ̀n bò ó lẹ́nu nígbàkígbà tó bá jáde. Ó ní oṣù mẹ́ta lòun fún un. Bí òun bá tún rí eyín rẹ̀, ó parí.

Iṣẹ́ yúnífọ́ọ̀mù wà nílẹ̀, ọwọ́ tó fẹ́ ṣe é sì wà nínú báńdéèjì. Adéníran lọ sí ẹnu ọ̀nà Ìyá Fuad ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Wẹ́sidé, ó ní òun mọ abẹ́rẹ́ lò. Òun ò lè gé aṣọ, òun ò lè wa mẹ́síìnì rẹ̀, àmọ́ òun lè rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, òun lè fi ọwọ́ rán etí aṣọ. Ìyá Fuad ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó ti àga kan sí i.

Bó ṣe ń dé láti ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ nìyẹn, tó ń jókòó sí yàrá obìnrin náà, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí, á sì máa rán bọ́tìnnì. Ọwọ́ rẹ̀ dán mọ́nrán nídìí òwú. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, ó ní òun fẹ́ sọ nǹkan kan, kò sì gbé ojú kúrò lára ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: kíláàsì kẹrin, Dọlápọ̀, awò ojú, ìwé tó ṣe bí ẹni tó ń kà fún Bámilóyè níṣojú rẹ̀.

Ìyá Fuad ní, "Mo ti mọ̀ láti ọ̀sibítù."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ Adéníran.

"Mo ń wò ó bóyá ẹ máa sọ ọ́ ni. Bàbá Moyọ̀, pé ẹ ò mọ̀wé kọ́ ló ń dùn mí. Bàbá tó bí mi náà ò mọ̀wé. Ajá yẹn ń kùn mọ́ yín láràárọ̀, èmi ń gbọ́ ọ láti inú yàrá mi níbí. Ẹ̀yin lẹ dúró tì í. Ẹ rí i, ẹ gbọ́ ọ, ẹ wá gba àwòrán gbọ́ ju ohun tó wà níwájú yín lọ, torí pé ẹ ò fẹ́ bi ẹnikẹ́ni ní ohun tó wà níbẹ̀. Èmi wà níbí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi mí?"

Ohun tó ń ba Adéníran nínú jẹ́ jù ni pé obìnrin náà kò gbé ohùn sókè. Ó rán bọ́tìnnì tó kù mọ́ ẹ̀wù náà, ó ká a, ó mú òmíràn.

Moyọ̀sọ́lá ló wá fídíò nípa bí wọ́n ṣe ń kọ́ ajá sórí fóònù bàbá rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó rí èyí tó bá a mu. Ọ̀pọ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan sì jẹ́ ti àwọn ọkùnrin tó ń pariwo, tí wọ́n ń fa ajá lọ́rùn. Níkẹyìn ó rí obìnrin kan tó ń kọ́ ajá ní Ìbàdàn, tó ń sọ Yorùbá, tó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní orin. Obìnrin náà ní bí ajá bá ń jẹun, kí èèyàn má gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Kó kọ́kọ́ dúró lókèèrè, kó ju ẹran kékeré kan sínú abọ́ náà, kó sì máa lọ. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ajá náà á máa retí ọwọ́ èèyàn, nítorí pé ọwọ́ tó ń bọ̀ ló ń mú èrè wá. Ó ní ajá tó bá ń kùn, ẹ má lù ú nítorí pé ó kùn. Ó ń sọ fún yín pé ẹ̀rù ń ba òun ni. Ẹ bá ti lu kíkùn kúrò lẹ́nu ẹ̀, eyín nìkan ló kù.

Adéníran dá fídíò náà dúró síbẹ̀. Ó tún un gbọ́. Ó rántí òwúrọ̀ tí ajá náà kọ́kọ́ dákẹ́, àti bí inú òun ṣe dùn tó.

Lẹ́yìn tí ọjọ́ mẹ́wàá pé tí nǹkan kan kò ṣe ajá náà, ó mú un lọ gba abẹ́rẹ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Sájẹ́ǹtì fi ń sá sẹ́yìn àgọ́ bó bá ti rí i. Adéníran á dúró níbi àlàfo ìgbésẹ̀ mẹ́fà, á ju ẹran kékeré wọlé, á sì yí padà. Àwọn ará ilé ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ohun tó sọ ní yàrá Ìyá Fuad ti dé etí gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ọ̀mọ̀wé mọ́. Moyọ̀sọ́lá ti ní kó tún wo fídíò míràn ti obìnrin náà, lórí bí a ṣe ń mú kí ajá gba àwọ̀n ẹnu láìjà, àti òmíràn lórí bí ajá ṣe ń mọ ìyàtọ̀ àlejò àti ará ilé. Èyí tí Adéníran fẹ́ràn jù ni ti abọ́. Ó ń wò ó léraléra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti há a sórí.

Ó ku Bámilóyè. Ó pẹ́ kó tó lè lọ. Lẹ́ẹ̀mejì ló dé orí títì Pedro tó tún yí padà. Ní ọjọ́ kẹta ó bá a ní ẹnu iṣẹ́, ó ń tún fáànù kan ṣe, ajá rẹ̀ sùn sábẹ́ tábìlì.

Adéníran ní, "Ohun tí mo kà fún ọ lọ́jọ́sí, mi ò kà á. Mi ò mọ̀ ọ́n kà. Mo gbé e láti inú orí mi. Òdì kejì ẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Jọ̀ọ́, má ṣe é mọ́, ó ti ba ọwọ́ èèyàn jẹ́ nílé wa."

Bámilóyè gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ojú ti òun náà, ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kan, sà. Mo gba abọ́ lẹ́nu ẹ̀, ó wá ń wò mí ṣáá. Mi ò lè wo ojú ẹ̀. Mo dá oúnjẹ ẹ̀ padà fún un. Mo rò pé ọkàn mi ló rọ̀ jù ni, ìdí tí mi ò fi padà wá bá yín nìyẹn."

Adéníran dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Pedro dé ilé, ó sì ń rò ó lójú ọ̀nà pé ọkùnrin tó ní òun ò ráyè kàwé ti ka ajá rẹ̀ ju òun lọ.

Oṣù mẹ́ta ti kọjá, oṣù mẹ́fà ti kọjá. Sájẹ́ǹtì ṣì wà. Ó ń jẹun nínú àgọ́ rẹ̀, bí Adéníran bá ń bọ̀, á gbé orí kúrò nínú abọ́, á máa ju ìrù, á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Olè kò tún wọlé. Ìyá Fuad ń gba ẹ̀gbẹ́ àgọ́ náà kọjá bó bá ń lọ sá aṣọ, àmọ́ kì í dúró.

Moyọ̀sọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàbá rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kíkà ní àwọn ọjọ́ tó bá wálé. Kò yá. Ó máa ń rẹ̀ ẹ́, bí ẹnì kan bá sì kan ilẹ̀kùn, á fẹ́ fi ìwé náà pamọ́ kó tó rántí pé gbogbo ilé ti mọ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ náà ka lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta yẹn fún un ní Yorùbá. Ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn lẹ́yìn rẹ̀, àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ọgbẹ́ Ìyá Fuad ti san, àmọ́ àtàǹpàkò náà kò ká dé ìdí mọ́. Ó ń wa mẹ́síìnì rẹ̀, ó sì ti padà gba iṣẹ́ bó ṣe máa ń gbà á, yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ tó ń fi ọwọ́ ṣe sára aṣọ ìyàwó, èyí tí àwọn èèyàn máa ń torí rẹ̀ wá láti Ìkẹjà. Ó ti sọ fún wọn pé òun ò ṣe é mọ́. Òwú kì í tètè wọ abẹ́rẹ́ fún un mọ́. Lọ́pọ̀ ìrọ̀lẹ́, bí Adéníran bá ti dé láti Ṣómólú, Ìyá Fuad á pè é láti inú yàrá rẹ̀ pé, "Bàbá Moyọ̀, ẹ wá bá mi fi òwú sí i." Adéníran á gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, á lọ síbẹ̀, á fi òwú sínú abẹ́rẹ́ mẹ́fà tàbí méje, á tò wọ́n sára tìmùtìmù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́síìnì. Obìnrin náà á ní ẹ ṣé. Òun á ní kò tọ́pẹ́. Kò tíì sí ọjọ́ kan tó ṣe é tó lè wo ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà.